Ìkíni Tí Kò Délé

Mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì iléèwé, kò sí ẹni tó dúró dè mí. Òjò wínníwínní ń rọ̀, àwọn ọkọ̀ ń sáré kọjá, omi ń ta sí mi lẹ́sẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, máa ń dúró lábẹ́ igi tó wà níwájú ilé wa ní Riverdale, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tòun ti agboòrùn dúdú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, igi nìkan ló wà níbẹ̀. Kí n tó gun àtẹ̀gùn tán ni mo ti mọ ibi tó lọ, nítorí èmi ni mo rán an lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Obìnrin òyìnbó kan tó ń kó kúrò ládùúgbò ló fún Màmá ní páálí bàtà tó kún fún káàdì alàwòrán àtijọ́, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kí ara wọn nígbà tí wọn ò tíì bí Màmá fúnra rẹ̀. Afárá ńlá New York wà níbẹ̀, ilé aṣòfin Washington wà níbẹ̀, àti àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tí wọ́n fọwọ́ kùn lọ́dà. Wọ́n ń rùn bí àpótí aṣọ tí wọn ò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí mo bá ti jẹun tán, Màmá á nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, á máa mú káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí n kà á fún òun. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì Ìbàdàn rí. Kò sí ohun tí Màmá kò mọ̀ nípa lẹ́tà àfi ohun tó wà nínú rẹ̀.

Èmi náà kò lè ka ìkọ̀wé àwọn ará àtijọ́ yẹn, tí gbogbo lẹ́tà so mọ́ra wọn bí òwú tó lọ́. Ojú tì mí láti sọ ọ́, torí Màmá máa ń fi mí yangàn fún gbogbo àlejò. Ńṣe ni mo ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó mú èyí tó ní àwòrán omi Niagara jáde. Ó yí i padà, ó wò ó pẹ́. Sítáǹpù wà lára rẹ̀, kò sí òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì.

"Wọn ò fi èyí ránṣẹ́," ó ní. "Ẹnì kan kí ẹnì kan, ìkíni náà ò dé. Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Eré tí mo fẹ́ràn ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Ìyá ẹni tó kọ ọ́ ni, Màmá. Ó ní kí wọ́n bá òun kí i. Ibí náà ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, nínú ilé funfun kan." Mo sì sá lọ wo eré mi.

Mo délé, mo bá ẹní ìrun Màmá ní kíká, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun Alásárì ti ń lọ. Ìyá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ń wá a láti yàrá dé yàrá.

"Did she tell you anything? Ṣó sọ ibi tó ń lọ fún ẹ?"

"No, Mummy."

Ó gbé fóònù, ó ń ṣàpèjúwe Màmá fún ọlọ́pàá. Ìgbà náà ni fèrè rélùwéè dún láti ọ̀nà jíjìn. Màmá kì í gbọ́ràn dáadáa.

"Mummy, I lied. Ó wà níbi train."

Ìyá mi kò tilẹ̀ nà mí. Ó fi bàtà sálúbàtà wa ọkọ̀. Nígbà tá a débẹ̀, igi ìdábùú tó ń dí ọ̀nà ojú irin ti ń sọ̀ kalẹ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú. Màmá wà ní òdìkejì, ó rí wa, ó gbé ẹsẹ̀ láti sọdá. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo, "Màmá, ẹ dúró! Ẹ dúró níbẹ̀!" Rélùwéè wọ àárín wa. Mo ka àwọn ọkọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Nígbà tó kọjá tán, Màmá ń bẹ níbẹ̀, omi òjò ń kán tótó lára aṣọ rẹ̀, ó di káàdì náà mọ́ àyà.

"Funfun ni gbogbo ilé ibẹ̀," ó ní nínú ọkọ̀. "Mo kan ilẹ̀kùn títí. Ọkùnrin kan tú ajá sí mi."

Ìyá mi gba káàdì, ó kà á. "Màmá, Ohio ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀rẹ́ ló kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́."

Màmá yíjú wò mí. Lálẹ́, nígbà tí bàbá mi dìde sí mi, òun ló dí i lọ́nà. "Èmi ni mo ṣìnà. Fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ògbufọ̀ ni mí nísinsìnyí ní ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá fún mi ní ìwé tí kò yé mi, mo máa ń sọ ọ́ níwájú dókítà àti aláìsàn pé kò yé mi, ojú kì í sì í tì mí. Màmá dárí jì mí, ìyẹn dá mi lójú. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó ṣì ń dúró dè mí lábẹ́ igi, ó ṣì ń bu ẹran tó tóbi jù fún mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí lẹ́tà bá ti ilé dé, á fi sábẹ́ ìrọ̀rí, á máa dúró kí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé kó wá kà á, èmi á sì jókòó tì í.