Iyẹ̀pẹ̀ Gbígbẹ

Bàbá tó ń gbin òdòdó tà, tó ń fi ọkọ́ pa ejò láìṣẹ́jú, ni aláǹtakùn onírun ń já láyà. Ta ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ohun ọ̀sìn? Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ó rìnrìn àjò, ó ní kí bàbá bá òun pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ inú àpótí gíláàsì rẹ̀.

“Bàbá mi, gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ o. Aṣálẹ̀ ni ilé rẹ̀.”

Bàbá fi abọ́ gbé aláǹtakùn jáde. Ó da iyẹ̀pẹ̀ tuntun, ó tẹ̀ ẹ́ le, ó wọ́n omi sí i bó ti ń ṣe sí òdòdó láti ogójì ọdún, ó dá aláǹtakùn padà, ó dé e.

Nígbà tó máa yíjú padà, aláǹtakùn ti sá fún ilẹ̀ tútù, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rọ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí. Ìgbà yẹn ni bàbá rántí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ náà ní láti jáde, ìdérí yẹn ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí.