Amand tó fi iná sí ilé ẹni tó tọ́ ọ

Létí odò Missaguash ní Acadie, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi ògiri amọ̀ gbà lọ́wọ́ òkun, kò sí ẹni tó mọ òrùlé bò bí Amand Buhot. Ọmọ òrukàn ni. Euphrosine, àbúrò ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Faransé là ń sọ, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ní àwọn ń jọba lé wa lórí, ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì sì ń du ilẹ̀ náà.

Lọ́dún 1750, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yọ. Àwọn ọmọ ogun Faransé pàṣẹ pé ká sọdá odò wá bá àwọn, ká sì jó abúlé wa, kí ọ̀tá má baà ríbi forí pamọ́ sí. Ọ̀gágun wọn kan fi ògùṣọ̀ lé Amand lọ́wọ́.

"Ìwọ lo bo òrùlé wọn. Ìwọ lo mọ ibi tí iná á ti tètè ràn."

Ó ń ti iná bọ ilé kan dé òmíràn. Nígbà tó kan ti Euphrosine, ìyá náà ṣì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú ilé.

"Amand, ní sùúrù díẹ̀. Àpótí ìyá rẹ ṣì wà lókè àjà."

Ọ̀gágun náà ń wò ó. Amand ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó tiná bọ etí òrùlé. Ọwọ́ òfo ni ìyá náà fi jáde.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi sí tòsí eérú ilé wa, Faransé kọ́ tiwọn sí òdìkejì odò, níbi tí a sá lọ. Bí ogun ṣe wá jókòó tì wá nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí Amand ń gbẹ́ kòtò odi Faransé, ó rí ọ̀gágun tó fún un ní ògùṣọ̀ létí odò pẹ̀lú ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan. Wọ́n ń bu wáìnì fún ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí àna sí àna. Sylvain tí wọ́n jọ ń gbẹ́lẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Oníná, wọn ò pè ọ́ síbi ọtí? Ṣebí ìwọ lo dá iná tí wọ́n ń yá."

Ìtìjú bo Amand. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ bá Euphrosine nínú ahéré tó ti ń gbé láti ìgbà iná náà.

"Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n fipá mú mi ni."

"Wọ́n fipá mú gbogbo wa. N ò bá ọ jà nítorí iná. Mo pè ọ́, o gbọ́, ṣùgbọ́n torí ẹnì kan ń wò ọ́, o ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí."

Amand fẹ́ sọ pé òun ò gbọ́. Irọ́ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì.

"Mo gbọ́, Màmá."

Ìyá náà bu ọbẹ̀ fún un. Kò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí odi Faransé ṣubú lọ́dún 1755, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ọkọ̀ kó àwọn èèyàn wa kúrò nílẹ̀ náà, Amand pọn ìyá náà sẹ́yìn sá wọgbó pẹ̀lú wa, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín nítorí ìyẹn, ṣe ni Amand máa ń dìde kúrò níbẹ̀.