Ṣúùtù Tíṣà Àgbà

Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ìlà tó bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ sára ṣòkòtò máa ń gún régé títí ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò fi padà délé. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ní àbùkù, owó iṣẹ́ náà ló ní. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù, mọ owó í ṣọ́ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n san lọ.

Gúnrégé ì bá ṣì máa rọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe ti ojú ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ tó mọṣẹ́ dunjú lobìnrin náà, àmọ́ awọ funfun kan ti ń bo ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé kò lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mọ́. Dókítà ní bí àwọn bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, yóò ríran, bó bá sì falẹ̀, ojú náà yóò fọ́ pátápátá. Wọ́n wá sọ iye tí wọ́n máa gbà. Gúnrégé dúpẹ́, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì gba ilé lọ.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ó ra ọṣẹ, ó ń tà á fún àwọn ará ilé. Wọ́n gbà á láwìn tán, wọ́n wá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má bàa rí wọn. Ó ń gba aṣọ lọ̀ nílé, iná ò dúró. Ó lọ bẹ onílé kan pé òun fẹ́ máa ṣọ́ géètì rẹ̀, ọkùnrin yẹn wò ó tòkètilẹ̀, ó ní olè yóò kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe?

Ṣúùtù dúdú kan wà lórí ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ti Tíṣà Àgbà ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló wọ̀ ṣègbéyàwó, ibẹ̀ ló sì ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó ní eku ilé òun ò mọ aṣọ iyì. Kì í jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, ó ní omi yóò bà á jẹ́. Kí wọ́n ṣáà máa fi kánfọ̀ sí i lápò, kí Gúnrégé sì lọ̀ ọ́ bí òun bá fẹ́ lò ó. Nígbà tí káfíńtà kan tó fẹ́ gbéyàwó wá ń ráhùn pé òun ò ní ṣúùtù, ojú Gúnrégé lọ sórí ìkọ́. Ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kéèyàn fi aṣọ oníbàárà háyà. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló rò. Ó gbé aṣọ fún káfíńtà, ó gbé owó náà lọ sí ọsibítù tààrà, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ náà sí ọjọ́ Mọ́ńdè. Owó oṣù tó ń bọ̀ lọ́nà ni yóò fi kún ìyókù.

Àárọ̀ Sátidé tí káfíńtà ń ṣègbéyàwó ni ọmọbìnrin Tíṣà Àgbà wọlé, ojú rẹ̀ wú. Ó ní bàbá àwọn ti sùn, ọ̀sán yìí ni wọ́n máa sin ín, ṣúùtù dúdú yẹn ló sì ní kí wọ́n wọ̀ fún òun. Gúnrégé ní òun fẹ́ rọra lọ̀ ọ́, kí wọ́n padà wá láìpẹ́. Bí obìnrin náà ṣe jáde báyìí, Gúnrégé gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Wọ́n ń ya fọ́tò lọ́wọ́ nígbà tó dé gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ó fa káfíńtà sí kọ̀rọ̀, ó ní kó bọ́ ṣúùtù. Káfíńtà kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré.

“Ẹni tó ni ín ti kú,” ni Gúnrégé wí.

“Aṣọ òkú lẹ wọ̀ fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi?”

“Ó ṣì wà láàyè nígbà tí o gbà á.”

Aṣọ náà kúrò lára káfíńtà bí ìgbà tó ń jó o. Ó wọ ṣòkòtò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì ní àfi kí wọ́n dá owó òun padà. Gúnrégé ti gbá ṣúùtù mọ́ra, ó ti ń sáré lọ.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ki kánfọ̀ bọ àpò, ó gbé áyọ́ọ̀nù. Ohun tó ń kọ́ gbogbo ọmọṣẹ́ ni pé kí wọ́n má lọ aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀, nítorí ooru áyọ́ọ̀nù ló ń jí gbogbo òórùn tó sùn sára aṣọ dìde. Lọ́jọ́ yẹn, kò rántí. Ìlà ṣòkòtò gún régé.

Ọmọ Tíṣà gba aṣọ náà, ó gbá a mọ́ra, ó fi imú sí ọrùn rẹ̀.

“Bàbá mi kì í lo lọ́fínńdà,” ló wí.

Màdáàmù, tó ti wọlé dé nígbà náà, yíjú sí Gúnrégé. Gúnrégé dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, títí kan ti ojú ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Tíṣà ò bú u. Ó ní wọ́n ti ń dúró de òun nílé, ó sì gbé aṣọ náà lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí àyè láti fọ̀ ọ́ mọ́. Màdáàmù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Gúnrégé, ó ní owó oṣù rẹ̀ lòun máa fi bẹ ìdílé olóògbé, kó má sì padà wá mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na imú, ó rẹ́rìn-ín.

“Òórùn ìgbéyàwó lẹ ń rùn yìí, bàbá àwọn ọmọ. Báwo ni aṣọ ìyàwó ṣe rí?”

Gúnrégé, tí kò tiẹ̀ wo ìyàwó káfíńtà rárá, jókòó tì í. Ó ní funfun ni. Ó ní apá rẹ̀ gùn, ó sì balẹ̀.

“Tí wọ́n bá ti la ojú mi ní Mọ́ńdè, irú ẹ̀ ni màá kọ́kọ́ rán. Ẹ máa bá mi sọ ọ́ lọ.”

Gúnrégé di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Obìnrin náà ò rí i pé ọkọ òun ń sunkún, ìgbà tí omi kán sí i lọ́wọ́ ló tó mọ̀.