Orúkọ Ayọ̀mikún Nínú Àdúrà Àárọ̀

Nítòsí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìjerò ni Ṣọlápé Ọládèjì ní ṣọ́ọ̀bù sí. Ó ń tẹ ìwé, ó ń ya fọ́tò pélébé, ó sì ń kọ́ ìkànnì ayélujára fún ẹni tó bá fẹ́. Ó kàwé ní Adó, ó sì padà wálé nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè dá rìn mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà l'Ékòó. Tí ènìyàn bá bi í pé kí ló dé tí kò lọ, á ní, "Iná tó ń lọ níbí náà ló ń lọ níbẹ̀," á sì máa tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Òun ló kọ́ ìkànnì ìjọ wa. Orí rẹ̀ la ti ń gbàdúrà àárọ̀, torí àwọn kan nínú wa ń sùn sóko, àwọn míì sì ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Ẹni tó bá wọlé, orúkọ àti àwòrán rẹ̀ á yọ, Ṣọlápé tó ń darí wa á sì kí i kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣe bí ẹni pé a ò rí ẹni tó wọlé bá wa. Àgbàlagbà tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ á gbé e sínú di ọjọ́ Ìsinmi.

Páásíwọ́ọ̀dù ló ń dà wá láàmú.

"Ṣọlápé, ó ní mo ṣì í kọ."

"Màmá Peace, ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀."

"Ńlá wo? Gbogbo wọn ló kéré lójú mi."

Nígbà tó sú Ṣọlápé, ó fi bọ́tìnì kan síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní Fesibúùkù lórí fóònù rẹ̀, kó ṣáà ti tẹ bọ́tìnì náà, á bá ara rẹ̀ nínú ilé. Fesibúùkù ni yóò gbé orúkọ àti àwòrán rẹ̀ wá. Alàgbà Mákindé fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, ìrìbọmi la fi ń wọ ìjọ, pé Fesibúùkù ló kù báyìí. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ṣọlápé ń kí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan bó ṣe máa ń ṣe. Ó máa ń yára, kí détà àwọn ènìyàn má baà tán.

"Ẹ káàárọ̀, Alàgbà Mákindé. Ẹ káàárọ̀, Màmá Peace. Joy, ṣé ara ti le? Ẹ káàárọ̀, Màmá Afọlábí. Káàárọ̀ o, Ayọ̀mikún Afọlábí."

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kí ọkàn rẹ̀ tó bá a. Àwòrán ọmọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀mikún sì ti kú. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti Iléṣà ló kó sí kòtò ní kọ́nà orí òkè Ẹ̀fọ̀n, àwa la sin ín. Màmá Afọlábí, ìyá tó bí i, ni Ṣọlápé ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán yẹn.

"Ṣọlápé," ìyá náà ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ta lo kí?"

Kí Ṣọlápé tó rí nǹkan sọ, orúkọ náà ti kúrò. A gba àdúrà tí kò lórí tí kò nídìí, a sì túká.

Nígbà tí mo máa fi dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Màmá Afọlábí ti wà níbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bá ara wọn mu. Ọ̀kadà ló gbé e wá láti Odò-Ọwà. Alàgbà Mákindé náà ti dé. Wọ́n fún Alàgbà ní àga, ó ní òun ò jókòó.

"Àwọn ọmọ jìbìtì ni," ó ní. "Wọ́n ti jí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wá. Yọ orúkọ yẹn kúrò, Ṣọlápé. Bí mo bá tún rí i, ìgbìmọ̀ ìjọ á ti ìkànnì náà pa."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wádìí ná, sà."

"Wádìí kí ni? Bọ́tìnì rẹ ló ṣílẹ̀kùn. Ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ewúrẹ́ á wọ̀ ọ́."

Ìgbà tí Alàgbà lọ tán ni Màmá Afọlábí tó sún mọ́ Ṣọlápé.

"Ọmọ mi, èmi ò rí òkú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rí i. Wọn ò jẹ́ kí n rí i."

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé ibojì, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ hàn án.

"Bàbá wọn sọ fún mi pé fóònù rẹ̀ fọ́ sínú mọ́tò," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bó bá fọ́, ta ló tẹ̀ ẹ́? Ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ mi lẹ sin?"

Mo wà lára àwọn tó gbé pósí náà. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀ lọ́nà tó dẹ́rù bà mí. Ṣọlápé náà rí i. Ìyá yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí, bọ́tìnì tí Ṣọlápé fi síbẹ̀ ló sì fún un ní ìrètí náà. Bí a kò bá tètè mọ ẹni tó ń wọlé, ọ̀fọ̀ tó ti ń san díẹ̀díẹ̀ máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

"Màmá," Ṣọlápé ní, "ẹni tí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Fesibúùkù mọ̀. Kò mọ̀ bóyá olóhun wà láyé."

"Èmi náà ò mọ̀," ìyá náà dáhùn. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ohun tí Ṣọlápé wá ronú kàn nìyí. Bí ènìyàn bá ti ń wọlé ló máa ń pa máìkì wọn, torí àkùkọ, ewúrẹ́ àti ẹkún ọmọ-ọmọ. Orúkọ yẹn nìkan ni yóò fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé onílé.

"Dúró níbẹ̀ fún mi," Màmá Afọlábí wí.

Mo gbàdúrà kí n tó sùn lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe. Mo ti bi í léèrè rí pé kí nìdí tó fi jẹ́ ọmọ yẹn. Kò tíì dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè Sùkúù pé ó ń dáhùn.

Bí ilẹ̀ ti ń là la ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá Afọlábí jókòó ti kọ̀ǹpútà, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọlápé fo ìkíni, ó ní kí Joy gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Joy bẹ̀rẹ̀. Àwòrán àwọn ènìyàn ń yọ, kò sí Ayọ̀mikún níbẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi. Ìgbà náà ló yọ, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Màmá Afọlábí gbé ọwọ́ lé ojú kọ̀ǹpútà.

A gbọ́ ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. A gbọ́ ẹyẹ. A gbọ́ bí ẹnì kan ṣe jókòó lé nǹkan, tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ kan, tó gùn, tó parí sí híhá ọ̀fun. Ìyá náà mú ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó.

Joy parí ẹsẹ àdúrà kan. "Àmín," ohùn ọkùnrin kan wí jẹ́jẹ́, ohùn àgbà.

"Kì í ṣe ọmọ mi," Màmá Afọlábí ní. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ ti kú. "Bàbá wọn ni."

Matthew Afọlábí, ọkọ rẹ̀, ló ń wí. Bàbá yìí ló ń ka Bíbélì fún ìjọ wa láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ọjọ́ tí a lọ bá wọn kẹ́dùn, ó ní, "Ẹ má tún bá mi pe Ọlọ́run nínú ilé yìí." Ó kó lọ sí abà rẹ̀ nínú oko kòkó, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Òun náà ló ń ṣe àmín lábẹ́ igi kòkó yìí, tí kò mọ̀ pé a ń gbọ́.

Bí a ti ń wo ara wa ni Alàgbà Mákindé ṣí máìkì tirẹ̀ láti ilé.

"Ṣọlápé, mo rí orúkọ yẹn. Ṣé àwa àti olè la ó jọ máa gbàdúrà? Lé e jáde."

Ọwọ́ Ṣọlápé wà lórí ibi tó máa tẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ó ti ṣe ohun tí ìjọ ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run ló ń gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé yìí. Ẹni tí wọ́n bá pè lólè níbi àdúrà, tí wọ́n sì lé síta, kò tún ní padà mọ́. Ṣọlápé ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Màmá Afọlábí fa máìkì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Alàgbà, kì í ṣe olè. Ulé mi ló ti wá."

Orúkọ náà kúrò.

Ìyá náà gun ọ̀kadà, ó di abà. Nígbà tó máa fi padà dé, oòrùn ti mú, ẹrẹ̀ wà létí aṣọ rẹ̀. Ó bu omi mu kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ àwọn tó gbé wọn jáde nínú mọ́tò ló ti gba fóònù. Ó ní òun ò lè gbé e fún mi, òun wá pa irọ́. Wásáàpù àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ṣì wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí ìkànnì yín. Ó tẹ bọ́tìnì, kò mọ̀ pé ó ń gbé orúkọ ọmọ wá." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń gbàdúrà kan náà ni. Ló bá gbọ́ tí Ṣọlápé ní, káàárọ̀ o, Ayọ̀mikún. Ó ju fóònù sílẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, etí òun ò gbádùn mọ́, àfi kí òun tún gbọ́ ọ. Gbogbo yín lẹ̀ ń sá fún orúkọ náà lójú wa."

Òótọ́ ni. A rò pé àánú là ń ṣe.

"Màmá, mo lè ṣí tiwọn fún Bàbá, ní orúkọ tiwọn," Ṣọlápé ní.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní bẹ́ ò bá ní kí ọmọ òun, òun ò wá mọ́."

A ránṣẹ́ pe Alàgbà Mákindé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Ó tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ olè tó sọ, ó tọrọ rẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n a ò ní kí òkú níbi àdúrà. Ẹ mọ orúkọ tí Bíbélì pe abókùúsọ̀rọ̀. Bí a bá torí àánú ṣe é lónìí, kí la máa torí ẹ̀ ṣe lọ́la?"

Mo mọ ẹsẹ tó dì mú. Èmi náà ń kọ́ni ní ẹsẹ náà. Ṣùgbọ́n n kò rí bí a ṣe máa jẹ́ kí ọkùnrin yẹn lọ. A túká láìfẹnu kò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá Afọlábí tún wà ní ṣọ́ọ̀bù, Ṣọlápé sì ti pa máìkì gbogbo ènìyàn bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa, kò yára bíi ti àtẹ̀yìnwá. Alàgbà Mákindé. Màmá Peace. Joy. Orúkọ kan wọlé, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Màmá Afọlábí di etí tábìlì mú. Ṣọlápé kí gbogbo ẹni tó wà lókè tán, ó kan ti ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ayọ̀mikún," ni Ṣọlápé wí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an la ti ń pè é kí ọmọ náà tó kú. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni gbogbo wa ti sọ ọ́ di Bàbá Oyin, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tó kù.

A ń wò ó bóyá orúkọ náà máa kúrò. Ó pẹ́ kí máìkì kan tó ṣí, ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde.

"Ẹ káàárọ̀ o," bàbá náà ní. "Ẹ ṣé tí ẹ pè mí."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ayọ̀mikún," Alàgbà Mákindé dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ mọ Sáàmù í kà fún wa. Ẹ bá wa ka tòní."

"Rárá. Ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run kò tíì parí. Ẹ máa kà á, mò ń gbọ́."

Alàgbà kà á fúnra rẹ̀. Orúkọ náà kò kúrò títí a fi sọ oore-ọ̀fẹ́.