Wọ́n Ti Parí Géèmù Wa

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ parí géèmù wa láìsọ fún mi, orí ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n sì ti parí rẹ̀.

Kékeré la wà nígbà tí bàbá wa ra ẹ̀rọ tiwa ní Sabon Gari, irú èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí. Ẹni méjì ló jọ ń gbá a, ọ̀kan á ṣe ọkùnrin pupa, èkejì á ṣe ọkùnrin aláwọ̀ ewé, wọ́n á jọ máa la ilé olódi kan kọjá. Kò sí ibi ìfipamọ́ kankan nínú rẹ̀. Tí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, tí wọ́n bá pè wá láti wá kírun, a ó dá géèmù dúró, a ó gbé ẹ̀rọ sórí sìmẹ́ńtì lásán kó má baà gbóná, a ó sì fi iná kún àdúrà wa. A dàgbà, a lọ sí yunifásítì, a ò dé ìpele tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn tó lọ́kọ, ọjọ́ Jímọ̀ ló kù fún wa. Á wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Gyellesu wá sílé bàbá wa tí mo ń gbé, a ó jókòó sórí ẹní. Nígbà tí mo ra bátìrì sólà, mo ní ọ̀rọ̀ iná ti tán. Ní Jímọ̀ kan a dé ẹnu ilẹ̀kùn ìpele tó kẹ́yìn, ó ní òun ní láti lọ dáná. Mo dá géèmù dúró dè é. Mo pa fáànù, mo yọ fíríìjì kúrò lára bátìrì, kí ẹ̀rọ yẹn má baà kú kí Jímọ̀ mìíràn tó dé. Nínú ooru Zaria. Ẹran mi bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tó fi pè mí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, a ti parí ẹ̀."

"Ta ni 'a'?"

"Èmi àti ọkọ mi. Àwọn tó ṣe é ti tún un ṣe, ó dà bíi fíìmù báyìí. Téèyàn bá kú, bọ́tìnnì kan wà tó máa dá a padà sẹ́yìn."

"Ẹ kú, ẹ sì tún jí."

"Haba, Bọ̀ọ̀dá. Géèmù ni."

Èmi ni mo dúró bíi bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, èmi ni mo fà á lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́. Mi ò rántí pé mo fi géèmù kún un. Ẹni tí kò gbé ẹ̀rọ sórí sìmẹ́ńtì rí, òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Òun ló gbọ́ igbe ayọ̀ àbúrò mi.

Mo lọ sílé wọn láti fojú ara mi rí i. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́. Mo gbá a wò; bí mo bá ti kú, àna mi á bá mi tẹ bọ́tìnnì ìdápadà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò tíì kú."

Mo ti kú. Mo mọ̀ pé mo ti kú.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, àbúrò mi wá. Ó gbé páàdì, a ṣí ilẹ̀kùn ìpele tó kẹ́yìn, a wọlé.

"Ẹ yà sọ́wọ́ òsì," ó ní, "ó máa jáde látòkè."

Kò sí ohun tó tíì jáde. Mo wo ojú rẹ̀: ojú ẹni tó ti jẹun yó nílé kó tó wá síbi ìkómọ. Mo nawọ́, mo fa wáyà yọ kúrò lára iná.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"A ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a tó padà débẹ̀, wàá ti gbàgbé."

"Ṣé ara yín yá báyìí?"

Ó wo fóònù rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé pé òun máa pẹ́, ó sì dojú fóònù náà délẹ̀.

"Ẹ tan án. Ṣùgbọ́n èmi ni màá ṣe ọkùnrin pupa."

Tèmi ni ọkùnrin pupa láti kékeré, ó sì mọ̀. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.