Orúkọ Bàbá Létí Odò

Bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí ihò ọkọ̀ ojú omi, ọ̀sán ìdíje yẹn létí odò Yewa ni mo máa ń rántí. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni bàbá mi ti ń tukọ̀ díje. Màmá ló máa ń pè é níbi àsíá ìparí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há lọ́jọ́ náà.

“Tó bá ti débí, pè é ní Àjàní,” ló sọ sí mi létí. “Má pè é ní Bàbá.”

Bàbá ló ṣíwájú. Ojú tì mí láti pe bàbá mi lórúkọ láàárín èrò. “Bàbá” ni mo pè, bíi gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ojú rẹ̀ ti fọ́, etí ló fi ń tukọ̀.

Ó kọjá àsíá tagbára tagbára, ó dorí kọ òpó afárá. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́. Màmá la ẹnu, ohùn ò jáde.