Ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ Pe Rísíkátù Lórúkọ

Omi ni Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ń pín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe é. Ìpàdé ẹbí là ń ṣe nílé wa ní Ìtọ́kò l'Ábẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò la sì ń sọ lọ́wọ́. Ó dé iwájú Rísíkátù, àbúrò mi obìnrin, ó na ife sí i, ó ní, "Rísí, gba omi."

Gbogbo ilé yíjú sí i. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ọmọ náà ìbáà ṣì máa rákò. Rísíkátù àti Àṣàkẹ́ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ ni o, Rísíkátù ló sì mú un wá sílé wa tí mo fi rí i fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Àṣàkẹ́ ti pa orúkọ yẹn tì. Eyínmẹ́nugún ló ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun. Ó lé ní ogójì ọdún, kò ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan.

Èèyàn tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru ni mí. Mo dìde, mo ní, "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀? Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́." Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó kúnlẹ̀ tòun ti ife lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ má bínú." Ó tún wá rọra bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?" Rísíkátù rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó padà sí Ọ̀fàdà nílé ọkọ rẹ̀, ó ní òun ò ní tẹ ilé mi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí èèyàn yín bá ṣàdédé hu ìwà tí kò hù rí, ẹ fara balẹ̀ bi í léèrè. Èmi ò bi í. Mo ti ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì rò pé ohun gbogbo tó bá wọ́, ìbáwí ló máa tọ́ ọ.

Àwọn nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e. Ó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń gbé fóònù sínú agolo gààrí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí agbo ilé tí kò mọ̀ ní Abẹ́òkúta, àfi bó ṣe sọnù ní Láfẹ́nwá. Obìnrin kan ló mú un wálé. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀bá ojú irin ni mo ti rí wọn. Wọ́n ní àwọn ń lọ sílé ẹ̀kọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti ń ṣarán nìyẹn, ṣebí àgbà ti dé.

Nígbà tí kò mọ ilé ìwẹ̀ mọ́ nínú ilé tó ń gbé, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àárọ̀ la débẹ̀, oòrùn ti yí kí wọ́n tó pè wá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn mìíràn tó ṣeé wò ló fà á. Nígbà tí èsì dé, dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà tó ọmọ wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, kì í ṣe wèrè, ẹnikẹ́ni ò sì sà sí wọn. Dimẹ́ńṣíà là ń pè é."

Ó ṣàlàyé pé ibi tí ọpọlọ ń kó nǹkan pa mọ́ sí ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ohun tuntun ló kọ́kọ́ ń lọ, èyí tó ti pẹ́ ló máa ń gbẹ̀yìn. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, àwọn kan kàn wà tó ń fà á sẹ́yìn fún àwọn aláìsàn kan. Mo bi í pé ibo ló máa parí sí. Ó ní tó bá pẹ́, ọ̀fun rẹ̀ náà lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì. Láti ọjọ́ yẹn, bí Àṣàkẹ́ bá ti gbé ife sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ wa obìnrin, Bọ́láńlé, tó ń gbé ní Agége, ní ká wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, nítorí ó ti ń rẹ̀ mí. Mo gbà. Ìtọ̀ ti máa ń bọ́ lára Àṣàkẹ́ nígbà náà, n kò sì fẹ́ kó tọ̀ sínú ọkọ̀ èrò. Nítorí náà, láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, n kò fún un lómi mọ́. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń lá ètè. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ láàárọ̀, ó gbóná, mo ní ooru ni. Ojú ayé ló ń tì mí, kí n má purọ́.

A dé Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ dúró, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà sọ̀ láti bi awakọ̀ wa léèrè. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, àga Àṣàkẹ́ ti ṣófo.

Mo wọ àárín àwọn tírélà tó tò sójú ọ̀nà, mò ń pe, "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́!" Kò dáhùn. Ẹ́ńjìnnì ń kùn lọ́tùn-ún lósì, eruku sìmẹ́ǹtì bo ewé, ó bo ilẹ̀, gbogbo ẹni tí mo rí ló jọ ara wọn. Àárín tírélà méjì ni mo ti rí i níkẹyìn, tó dúró gbagidi, eruku ti sọ ojú rẹ̀ di funfun. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ti ń fẹ̀yìn rìn bọ̀. Mo pariwo, àwọn èèyàn lu ara ọkọ̀ náà gbàgbàgbà, ó sì dúró. Mo di apá rẹ̀ mú, apá náà gbóná janjan.

Ó fa ara rẹ̀ yọ. "Ẹ fi mí sílẹ̀. N kò mọ̀ yín rí."

Ọkùnrin kan fún ọrùn aṣọ mi. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ìyá yìí ṣe?" Àwòrán wa tó wà nínú fóònù mi ló kó mi yọ lọ́wọ́ wọn.

A kò dé Agége mọ́. Mo háyà ọkọ̀ tó gbé wa padà sílé ìwòsàn l'Ábẹ́òkúta. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló mu omi kẹ́yìn. Mo ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ó wo ahọ́n rẹ̀ tó ti sán, ó wo èmi náà, mo bá jẹ́wọ́. Kòkòrò ti wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, omi sì ti gbẹ lára rẹ̀. Ó ní ẹni tó ní dimẹ́ńṣíà lè má lè sọ pé ibì kan ń dun òun. Orí rẹ̀ tó bá ṣàdédé dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló máa ń fi hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré, ẹ má sì fi omi du aláìsàn nítorí ìtìjú. Tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé ìlédìí àgbàlagbà wà tí mo lè rà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àṣàkẹ́ fa abẹ́rẹ́ omi yọ lápá. Bí mo bá gbé omi dé ẹnu rẹ̀, á pa ètè dé. Bọ́láńlé wá, ìyá rẹ̀ kò dá a mọ̀. Ó ń gbẹ lójú wa. "Rísí" nìkan ló ń pè. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ìtìjú tà, mo pe Rísíkátù lórí fóònù, mo ní Àṣàkẹ́ ń pè é.

"Orúkọ yẹn náà ló tún ń pè mí?"

"Òun náà ni. Kò pe ẹlòmíràn."

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọlé tòun ti fúláàsì ògì, ó dúró jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Àṣàkẹ́ la ojú. "Rísí, kí ló dé tó o pẹ́? Ṣé wọ́n ti lu agogo?"

Rísíkátù wò mí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó súnmọ́ ọn, ó bu omi, ó ní, "Wọn ò tíì lù ú, Àṣà. Mu omi ká tó wọ kíláàsì."

Àṣàkẹ́ la ẹnu. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀.

Níta ni àbúrò mi ti sunkún. "Bọ̀dá mi, kò rí mi fín o. Ó ti padà síbi tí kò tíì di ìyàwó ilé wa. Ẹni tó ń pè mí ni mo ń bínú sí látọjọ́ yìí." Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n nítorí ohun mìíràn ni. Mo ti rí i pé níbi tí Àṣàkẹ́ padà sí, n kò tíì di ọkọ rẹ̀.

Ibà náà lọ, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n dá wa sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Dimẹ́ńṣíà kò lọ, kò sì ní lọ. Rísíkátù ń wá láti Ọ̀fàdà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á jọ máa bú àwọn tíṣà tó ti kú tipẹ́. Mo ti rán nọ́ńbà fóònù mi mọ́ abẹ́ aṣọ rẹ̀ gbogbo. Bọ̀dá ló ń pè mí báyìí, nítorí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí.

Ní àràárọ̀ tí mo bá gbé omi fún un, ó máa ń kúnlẹ̀ gbà á. Ó gbàgbé mi, ó gbàgbé Bọ́láńlé, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún orúnkún yẹn àti fún ọ̀fun tó ṣì ń gbé omi mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù ọjọ́ tó máa kọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè wò ó kó nìkan kúnlẹ̀ níwájú mi mọ́. Èmi náà á kúnlẹ̀, orúnkún á máa dùn mí, a ó wá dọ́gba.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti níyàwó?"

Mo ní, "Mo ní."

"Ṣé ẹ kì í bá a jà?"

"Mo bá a jà nígbà kan, lójú èèyàn. Kò ṣẹ̀ mí."

"Háà. Ṣé ẹ ti wá bẹ̀ ẹ́?"

Mo wo ilẹ̀ tí àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sí. Mo ní, "Òun ni mò ń bẹ̀ yìí."

Ó mi orí, ó gbé ife sẹ́nu. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀.